Ìròyìn Ò Tó Àfojúbà: Àgbéyẹ̀wò Èdè Ìpolówó 3G, 4G àti 5G ní Nàìjíríà, pẹ̀lú Àkíyèsí sí Ìlú Ẹ̀rìn-Ilé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò èdè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká ń lò láti fi polówó nẹ́tíwọ́ọ̀kì 3G, 4G àti 5G ní Nàìjíríà. Ó fi ìpolówó ọjà ìbílẹ̀ Yorùbá ṣe òṣùwọ̀n, ó sì lo ìlànà mẹ́rin tí H. P. Grice là kalẹ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń gún láàrin asọ̀rọ̀ àti olùgbọ́. Àbájáde rẹ̀ ni pé àsọdùn kọ́ ni àléébù ìpolówó wọ̀nyí, nítorí àsọdùn ti wà nínú ìpolówó Yorùbá tipẹ́. Àléébù wọn ni pé wọ́n ń kéde irú ọjà láìkéde ibi tí ọjà wà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì òfuurufú tó ń gbé 5G jẹ́ ọjà tó jẹ́ pé ibi tí oníbàárà wà ló ń pinnu bóyá yóò rí i lò. Iṣẹ́ náà dá a lábàá pé kí olùkọ́ Yorùbá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa bi ìpolówó ní ìbéèrè kan: níbo?

Ìfáàrà

Ìpolówó ọjà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ń kọ́. Bí wọ́n bá ti dárúkọ rẹ̀, igbe ẹlẹ́kọ, ti alágbàdo sísè àti ti ọlọ́mọ́ínmọ́ín ni ó máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Kì í sábà wá sí wọn lọ́kàn pé ìpolówó tí etí wọn ń gbọ́ jù lọ lójoojúmọ́ kì í ṣe ti ẹlẹ́kọ mọ́. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Láti orí rédíò dé ara ògiri, láti ara agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì ìpè dé inú fóònù fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ dátà àti ìyára ló gba gbogbo rẹ̀.

Ìpolówó wọ̀nyí yẹ fún iṣẹ́ lámèyítọ́ fún ìdí méjì. Èkíní ni pé èdè ni irinṣẹ́ wọn, èdè sì ni iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Èkejì ni pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí kò kéré. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, NCC, àjọ tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ náà fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, bí àfikún náà kò bá ti ju ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tí ó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ yẹ kó mọ ohun tí ó ń rà.

Ẹ̀rìn-Ilé ni iṣẹ́ yìí fi ṣe ibi ìwòye. Ìlú náà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó sì bá Ọ̀fà pààlà. Kì í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀, kì í sì í ṣe abà oko. Ìpolówó tí wọ́n ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè ń dé ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń dé Ìlọrin àti Ọ̀fà, nítorí ohùn rédíò kò mọ ààlà ìlú. Bóyá ọjà tí wọ́n ń polówó náà mọ ààlà tàbí kò mọ̀ ọ́n ni kókó ọ̀rọ̀.

Ìlànà Ìtúpalẹ̀

Nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1975, Grice ṣàlàyé pé bí ènìyàn méjì bá ń sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà lọ́kàn pé ẹnì kejì ń tẹ̀lé ìlànà mẹ́rin: kó sọ ọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ, kó sọ òtítọ́, kó sọ ohun tó bá ọ̀rọ̀ mu, kó sì sọ ọ́ lọ́nà tí yóò yé ni. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú tíọ́rì yìí ni pé olùgbọ́ kì í gbọ́ ohun tí a sọ nìkan. Ó ń gbọ́ ohun tí a kò sọ pẹ̀lú. Bí ẹnìkan bá sọ pé òun ní ewúrẹ́ méjì, olùgbọ́ gbà pé kò ní mẹ́ta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ní mẹ́ta ní méjì nínú wọn. Bákan náà, bí wọ́n bá polówó ọjà kan fún ẹni tó jókòó sí Ẹ̀rìn-Ilé láìfi ààlà kankan sí i, yóò gbà pé ọjà náà wà ní Ẹ̀rìn-Ilé. Ìpolówó lè má parọ́ rárá, kó sì tún ṣi olùgbọ́ lọ́nà. Ìlànà kìn-ín-ní, ti sísọ ọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ, ni ó rú.

Ọjà tí Wọ́n Ń Tà

Kò sí bí lámèyítọ́ ṣe lè díwọ̀n ìpolówó bí kò bá mọ ọjà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń yá ènìyàn lò ni ìgbì òfuurufú tó ń gbé ohùn, àwòrán àti ọ̀rọ̀ láti orí òpó dé inú fóònù. Iye ìgbà tí ìgbì náà ń mì láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi ń kà á. Bí ó bá mì ní mílíọ̀nù ìgbà kan, MHz kan ni. Bí ó bá mì ní ẹgbẹ̀rún mílíọ̀nù ìgbà, GHz kan ni. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń pín in sí. Ìgbì ìsàlẹ̀ kò tó 1 GHz. Ìgbì àárín bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 1 GHz títí dé nǹkan bíi 6 GHz. Ìgbì òkè sì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 24 GHz lọ.

Bí ìgbì bá ṣe ń ga sí i ni ọ̀nà tí ó lè rìn ń kúrú sí i, tí ògiri, pákó àti ewé sì túbọ̀ ń dá a dúró. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìlù láti òkèèrè yóò mọ nǹkan tó jọ ọ́: ohùn ńlá ìyá ìlù ni ó máa ń kọ́kọ́ dé etí, kì í ṣe ohùn tínrín omele. Ṣùgbọ́n òkè ni àyè gbígbòòrò wà. Nínú 3G, 5 MHz ni fífẹ̀ ọ̀nà kan. Nínú 4G, ọ̀nà kan lè fẹ̀ tó 20 MHz. Nínú 5G tó ń lo ìgbì àárín, ó lè fẹ̀ tó 100 MHz. Ìgbì ìsàlẹ̀ dà bí ọ̀nà tóóró tó gùn dé oko; ìgbì òkè dà bí títì gbàgede tó parí sí ẹnu géètì. Ìgbì àárín ni wọ́n ń jà sí jù, nítorí pé ó fẹ̀ díẹ̀, ó sì gùn díẹ̀. Síbẹ̀, “díẹ̀” ni gígùn rẹ̀. Òpó 5G kan tó ń lo 3.5 GHz kì í sábà mọ́lẹ̀ kọjá kìlómítà díẹ̀, kò sì lè dé ibi tí ìgbì 900 MHz ń dé láti orí òpó kan náà.

Owó ńlá ni wọ́n fi ń ra àṣẹ àtilo ìgbì yìí, gbàǹjo sì ni NCC sábà máa ń fi tà á. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, dọ́là Amẹ́ríkà mílíọ̀nù 285 ni MTN àti Econet san lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìwé àṣẹ GSM, tó ń lo ìgbì 900 MHz àti 1800 MHz. Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ mẹ́rin gba àṣẹ 3G lórí 2100 MHz, mílíọ̀nù 150 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2016, MTN san mílíọ̀nù 96 dọ́là fún ìgbì 2600 MHz. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ọdún 2021, ní Abuja, MTN àti Mafab borí nínú gbàǹjo 3.5 GHz. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gba 100 MHz ní mílíọ̀nù 273.6 dọ́là, lẹ́yìn tí Airtel ti dúró sí mílíọ̀nù 270. Airtel náà padà gba tirẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023: 3.5 GHz pẹ̀lú díẹ̀ nínú 2600 MHz, ní mílíọ̀nù 316.7 dọ́là.

Ẹni tó ti san irú owó báyìí yóò kọ́kọ́ gbé òpó rẹ̀ síbi tí èrò pọ̀ sí, kí owó lè tètè wọlé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Bí ọjà ṣe rí ni. Ohun tí lámèyítọ́ ń bèèrè ni bóyá èdè ìpolówó ń sọ bẹ́ẹ̀ fún olùgbọ́.

Ìpolówó Ìbílẹ̀ Gẹ́gẹ́ bí Òṣùwọ̀n

Àsọdùn ni ẹ̀jẹ̀ ìpolówó ìbílẹ̀. Alágbàdo yóò pọ́n àgbàdo rẹ̀ títí olùgbọ́ yóò fi rò pé irú rẹ̀ kò hù rí. Ẹlẹ́kọ yóò sọ pé ẹ̀kọ òun ń dán, ó ń tutù, ó ń mú ọmọ sanra. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní onírọ́, nítorí ọjà wà lórí igbá. Ohun tí ẹnu bá fi kún un, ojú yóò yọ ọ́ kúrò kí owó tó jáde lápò. Ẹni tó ń ra ẹ̀kọ lè tú ewé rẹ̀ wò. Yàtọ̀ sí èyí, ohùn ìpolówó ìbílẹ̀ ni ó ń sọ ibi tí ọjà wà. Ibi tí igbe ti ń wá ni ọjà wà. Bí igbe bá ti jìnnà, ọjà ti lọ nìyẹn. Ìdí nìyí tí ìpolówó náà kò fi nílò láti dárúkọ ibi kankan.

Ìpolówó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ya ohun méjèèjì yìí sọ́tọ̀. Ọjà rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, owó sì ń ṣáájú ìtọ́wò. Igbe rẹ̀ ń ti Èkó wá, ó ń dún ní Ẹ̀rìn-Ilé, ọjà sì lè wà ní Èkó kó má wà ní Ẹ̀rìn-Ilé. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Níbi tí àfojúbà kò bá ti ṣeé ṣe, ó yẹ kí ìròyìn túbọ̀ kún.

Ìtúpalẹ̀ Èdè Ìpolówó Náà

Ohun mẹ́rin ni ó hàn nínú èdè ìpolówó wọ̀nyí.

(i) Ọ̀rọ̀-ìṣe “dé” tí kò ní ibi. Irú gbólóhùn bíi “5G ti dé” ni ìpolówó nẹ́tíwọ́ọ̀kì fẹ́ràn jù. Nínú gírámà Yorùbá, “dé” jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń fa ibi lẹ́yìn: ó dé Ọ̀fà, ó dé Ẹ̀rìn-Ilé, ó dé ilé. Bí wọ́n bá lò ó láìsí ibi, ibi tí asọ̀rọ̀ àti olùgbọ́ wà ni a ń gbà á sí. Bí ẹnìkan bá sọ nínú ilé pé “Bàbá ti dé”, kò sẹ́ni tó ń rò pé ìlú mìíràn ni bàbá dé sí. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́ “5G ti dé” ní Ẹ̀rìn-Ilé gbọ́ pé ó ti dé Ẹ̀rìn-Ilé. Gírámà èdè rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

(ii) Arọ́pò-orúkọ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àkọlé tí MTN fi gbajúmọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, “Everywhere you go”, fi ìlérí kan sínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta: gbogbo ibi tí o bá ń lọ. Àkọlé Glo, “Rule your world”, sọ olùgbọ́ di ọba. Ìyàtọ̀ wà láàrin méjèèjì. Ti Glo jẹ́ oríkì. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wọ̀n ọ́n, kò sì sí ẹni tó máa fi í pe ẹjọ́. Ti MTN jẹ mọ́ ibi, ibi sì ṣeé wọ̀n. Àsọdùn tó dúró lórí oríkì kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àsọdùn tó dúró lórí ibi ń gbówó lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

(iii) “Tó” tí ń fi òkè pamọ́ fún ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé ìyára kan “lè tó” iye báyìí, iye tó ga jù lọ ni wọ́n dárúkọ. Iye náà ni ẹni tó dúró nítòsí òpó lè rí ní àkókò tí èrò kò pọ̀. Iye tí ẹni tó wà nínú ilé oníbíríkì ní ìpẹ̀kun ìlú yóò rí kò sí nínú gbólóhùn náà. Kò sí irọ́ nínú “tó”, ṣùgbọ́n olùgbọ́ mú un gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun yóò rí.

(iv) Orúkọ tó bo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìran ìmọ̀ ẹ̀rọ ni lẹ́tà G dúró fún. Kì í ṣe òṣùwọ̀n ìyára, kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n ibi. Amẹ́ríkà fi hàn bí orúkọ yìí ṣe lè yọ̀ tó. Ní ìparí ọdún 2018, AT&T kéde pé òun yóò máa kọ “5G E” sí ojú fóònù àwọn oníbàárà kan. Nígbà tí àmì náà yọ ní ọdún 2019, 4G tí wọ́n tún ṣe ni fóònù wọ̀nyẹn ṣì ń lò. Sprint tó jẹ́ alábàádíje rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ lọ́dún náà, wọ́n sì yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn. Ní ọdún 2020, ìgbìmọ̀ tí àwọn apolówó-ọjà fúnra wọn gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ìpolówó wò dá a lábàá pé kí AT&T yọ orúkọ náà kúrò nínú ìpolówó rẹ̀; AT&T kò fara mọ́ èrò wọn, ṣùgbọ́n ó gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀. Verizon ní tirẹ̀ fún 5G ní orúkọ méjì: ọ̀kan fún èyí tó tàn káàkiri, èkejì fún èyí tó yára gan-an. Ìyẹn sàn díẹ̀, nítorí ó jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ohun méjì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ nìkan kò ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìgbì 3.5 GHz ni wọ́n gbé 5G lé. Ibi tí ìgbì àárín náà bá parí sí ni 5G parí sí, orúkọ rẹ̀ kò sì sọ èyí.

Ìpolówó tó Gún

Kò tọ́ kí lámèyítọ́ rí àléébù nìkan. Nígbà tí Globacom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ohun tó fi polówó ara rẹ̀ ni pé òun yóò máa ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ìlérí náà ṣeé yẹ̀ wò: ẹni tó bá pe ìpè kúkúrú yóò wo iye tó kù lórí káàdì rẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọjà padà sórí igbá nìyẹn. Àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù náà padà tẹ̀lé ìlànà yìí.

Bákan náà ni ti Airtel ní oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ 4G rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n dárúkọ ìlú. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó wà ní Ẹ̀rìn-Ilé mọ̀ pé kò tíì kan òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tí MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní ọdún 2022, ó ka ìlú méje: Èkó, Abuja, Port Harcourt, Ìbàdàn, Kano, Owerri àti Maiduguri. Airtel ka Èkó, Ògùn, Rivers àti Abuja ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Kò sí ìlú kan láti Kwara nínú àkọsílẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà sì ti tàn sí i láti ìgbà náà. Àléébù rẹ̀ ni pé inú ìròyìn fún àwọn oníwèé ìròyìn ni àkọsílẹ̀ ìlú máa ń wà, nígbà tí orin, ijó àti àwọ̀ wà nínú ìpolówó tí gbogbo ayé ń gbọ́.

Ìpolówó ọdún 2013 fi èyí hàn lọ́nà mìíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni NCC bẹ̀rẹ̀ ètò tó jẹ́ kí ènìyàn lè yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà láìyí nọ́ńbà padà. Hafiz Oyetoro, ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Saka, tó sì jẹ́ olùkọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Adeniran Ogunsanya nígbà náà, ni ojú tí wọ́n ń rí nínú ìpolówó Etisalat. Lójijì, ó yọ nínú ìpolówó MTN, ó ń ṣe àwàdà lórí bí òun ṣe kó lọ. Gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, kò sí ohun tí a lè fi kún un: òṣèré náà fúnra rẹ̀ di àfiwé nọ́ńbà tó ń ṣí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun náà ṣí kò rí ìdáhùn níbẹ̀, nítorí pé ibi tí ó ń gbé ni ìdáhùn wà, kì í ṣe ojú Saka.

Ẹ̀rìn-Ilé àti Ìbéèrè “Níbo?”

Ohun tó wà nínú ewu ní ìlú bí Ẹ̀rìn-Ilé kò ju bí gírámà àti ìgbì ṣe pàdé lọ. Ọ̀fà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga gbogboǹṣe ti ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 1992, ó ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, èrò sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá fẹ́ gbé ìgbì àárín wá sí agbègbè náà, ọgbọ́n ọjà yóò ní kó kọ́kọ́ gbé e sí Ọ̀fà. Ìpolówó yóò wá sọ pé ó ti dé “Ọ̀fà àti agbègbè rẹ̀”, tàbí kó kúkú sọ pé ó ti dé “Kwara”. Ẹ̀rìn-Ilé ni agbègbè Ọ̀fà lẹ́nu ẹni tó ń kọ ìpolówó. Lójú ìgbì 3.5 GHz, ìrìn láti òpó kan ní àárín ọjà Ọ̀fà dé ilé kan ní ìpẹ̀kun Ẹ̀rìn-Ilé kì í ṣe kékeré. Ààlà ìlú tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ dunjú, èdè ìpolówó gbójú fò ó.

Ohun tí èyí ń ná ènìyàn kò ṣòro láti kà. Fóònù tó lè gba 5G wọ́n ju èyí tó dúró lórí 4G lọ. Òbí kan lè ra ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nítorí ìpolówó tó gbọ́, kó sì jẹ́ pé 4G tàbí 3G ni fóònù náà yóò máa lò nínú ilé. Ní ìparí ọdún 2024, àkọsílẹ̀ NCC fi hàn pé àwọn tó wà lórí 5G kò tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo oníbàárà ní Nàìjíríà, nígbà tí àwọn tó ṣì wà lórí 2G ju ìdá 30 lọ. Ìpolówó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìdá kékeré yẹn ni gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn oníbàárà fúnra wọn ti ní èdè tó tọ́. “Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbí,” ni wọ́n máa ń wí, wọn yóò sì jáde sí ìta tàbí kí wọ́n lọ sí ibi tó ga. “Níbí” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Gbólóhùn ẹni tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ́yìn ilé péye ju gbólóhùn ẹni tó gba owó láti kọ ìpolówó lọ.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ìpolówó kì í ṣe ìwé máàpù, àti pé bí a bá ní kí ó máa ka ìlú, adùn rẹ̀ yóò lọ. Àríyànjiyàn yìí ní ìwúwo, ṣùgbọ́n ìpolówó Ìbàdàn ti ọdún 2018 ti dá a lóhùn: orúkọ ìlú kì í ba adùn jẹ́. Láàrin Yorùbá, orúkọ ìlú gan-an ni oríkì ti ń bẹ̀rẹ̀. Òfin náà kò sì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí ìpolówó tó ń ṣini lọ́nà, ọdún 2022 sì ni wọ́n ṣe òfin tuntun fún àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2025, NCC ṣètò pé kí máàpù ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan dé wà níta fún gbogbo ènìyàn. Ohun tó kù ni kí máàpù àti ìpolówó máa sọ ohun kan náà.

Ìwúlò fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Iṣẹ́ yìí dábàá ọ̀nà mẹ́ta. Kí olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ìpolówó ọjà fi ìpolówó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí ẹ̀gbẹ́ igbe ẹlẹ́kọ, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ya ohun tó jẹ́ oríkì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ṣeé wọ̀n. Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, kí “dé”, “tó” àti “níbí” inú ìpolówó jẹ́ àpẹẹrẹ fún bí ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀ ibi ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìpolówó tirẹ̀ ní Yorùbá fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, kó sì rí i pé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà wà hàn nínú rẹ̀ láìsí pé adùn rẹ̀ dínkù. Ẹni tó bá ṣe é yóò rí i pé kò rọrùn, yóò sì mọ ibi tí àwọn tó ń ṣe é fún owó ti ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Àgbálọgbábọ̀

Àgbéyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé àsọdùn inú ìpolówó 3G, 4G àti 5G kì í ṣe nǹkan tuntun sí Yorùbá, kì í sì í ṣe òun ni àléébù wọn. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé igbe àti ọjà ti pínyà. Ìgbì àárín, tí wọ́n fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là rà, jẹ́ ọjà tó ní ààlà. Èdè tí wọ́n fi ń tà á kò ní. Títí di ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ bá fi ibi padà sínú gbólóhùn wọn, olùkọ́ Yorùbá ní láti fi í síbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá kéde ní Ẹ̀rìn-Ilé pé nǹkan ti dé, ó yẹ kí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn kíláàsì lè béèrè níbo ló dé sí, kó tó ná owó òbí rẹ̀.